Àkọ́sórí Yàtọ̀ sí Kíkà: Aláwìíyé àti Ìfẹ́ Ìwé Lọ́kàn Ọmọdé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí ẹ bá bi òbí tàbí àǹtí yín tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá pé ìwé wo ló kọ́kọ́ kà, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn pé Aláwìíyé ni. Kò sì ní í dúró níbẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké ewì inú rẹ̀ nípa iṣẹ́ ṣíṣe láìwo ìwé, orí rẹ̀ á sì máa wú. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ yẹ ìwé náà wò, àti bí a ṣe ń fi í kọ́ ọmọdé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: Aláwìíyé mú kí ọmọ fẹ́ràn ohùn inú ìwé, ṣùgbọ́n ìdí ohùn náà ni àwa olùkọ́ dúró sí. A kò jẹ́ kí ọmọ dé ìdí kíkà, áḿbọ̀sìbọ́sí kíkọ.

Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ kí kú iṣẹ́. Olóyè Joseph Fọláhàn Ọdúnjọ (1904–1980) ti ṣe olùkọ́ kó tó di olóṣèlú, ó sì mọ ọmọdé. Kò fi èdè tó ta kókó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn Ìjàpá, ewì àti ọ̀rọ̀ ilé tí ọmọ ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló kó sínú ìwé. Ọmọ tó bá ṣí i yóò rí i pé ohun tó wà lẹ́nu òun náà ló wà lórí bébà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìfẹ́ ìwé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wo àwọn ewì náà: gbólóhùn kúkúrú, àwítúnwí, fífi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ṣeré. Ọmọ ọlọ́dún 6 lè gbé e délé láìdà á nù lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń kọ́ ọ. Tísà á ka ìlà kan, gbogbo kíláàsì á gbè é. "Ẹ tún un wí!" Wọ́n á tún un wí. Tó bá yá, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n sórí. Wàyí o, ẹ nàka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín ewì náà, kí ẹ ní kí ọmọ kan pè é. Ọ̀pọ̀ wọn á kọ́kọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa wí i bọ̀ nínú ikùn títí wọn yóò fi débẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kàwé. Ó rántí ni. Àkọ́sórí dára o, òun ni àwọn babaláwo wa fi ń tọ́jú ìmọ̀, àmọ́ kì í ṣe kíkà.

Ẹjọ́ tísà nìkan kọ́. Ìwé náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ohùn àgbà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: àgbà ń gbani nímọ̀ràn, ọmọ ń gbọ́. Yorùbá sì ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Níbo wá ni ọgbọ́n ọmọdé wà nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa? Tó bá kan kíkọ, àpèkọ ni, tàbí kí ó da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló ń kọ láti àárọ̀ títí aago á fi lù.

Ọ̀nà mìíràn wà. Sylvia Ashton-Warner, olùkọ́ kan ní New Zealand tó kọ́ àwọn ọmọ Maori, ṣàlàyé tirẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Teacher, tó jáde ní 1963. Á bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́. Èyí tí ọmọ bá dárúkọ, ìbáà jẹ́ ohun tó fẹ́ràn tàbí ohun tó ń bà á lẹ́rù, ni yóò kọ gàdàgbà sórí páálí fún un. Èyí tí ọmọ kò bá dá mọ̀ lọ́jọ́ kejì, á kó o dànù, torí kò jinlẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ìtàn tiwọn, tí wọ́n sì ń ka ti ẹnì kejì wọn.

N kò ní ká ju Aláwìíyé nù o. Ká so méjèèjì pọ̀ ni. Bí ọmọ bá ké ewì nípa iṣẹ́ tán, kí tísà bi í pé, "Iṣẹ́ wo ni màmá rẹ ń ṣe?" Kó kọ ìdáhùn náà sójú pátákó gẹ́lẹ́ bí ọmọ ṣe sọ ọ́. Ọmọ tó bá rí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀, "Màmá mi ń ta èlùbọ́," lójú pátákó, a kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tó kà á.

Èyí kò lè ṣeé ṣe bí èdè ẹnu ọmọ kì í bá ṣe èdè tí a fi ń kọ́ ọ. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odindi ọdún 6, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, ìlànà tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2022, pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún 6 àkọ́kọ́, ìjọba fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. Wọ́n ní ìfìdírẹmi nínú ìdánwò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Èmi ò gbà. Àìsí ìwé àti àìkọ́ni dáadáa ló yẹ ká bá wí, kì í ṣe èdè.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí òkè òkun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yín wá sí kíláàsì wa pẹ̀lú orin àti oríkì lẹ́nu, láìlè kà wọ́n. Ẹ má fojú kéré ohun tí ẹ mú wá, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ yín rèé: ẹ tẹ ẹni tó ka Aláwìíyé nílé yín láago, ẹ ní kó ké ewì kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà mẹ́rin tiyín láti fi dá a lóhùn. Bí ẹ kò bá gbà pé iṣẹ́ nìkan ló ń gbani lọ́wọ́ òṣì, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ọdúnjọ ti sọ tirẹ̀. Ó ku tiyín.