Ẹsẹ̀ Òsì Salubi

Nínú gbogbo ẹ̀dá ìtàn tí Wọlé Ṣóyínká kó jọ sínú eré The Road, tí a kọ́kọ́ ṣe lórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1965, Salubi ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fi rẹ́rìn-ín jù. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ awakọ̀ ni Salubi. Ó ti ní aṣọ iṣẹ́ awakọ̀ tó ń wọ̀ yan fanda, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́, kò sì ní láísẹ́ǹsì. Ọ̀dọ̀ Professor, ẹni tó mọ ayédèrú ìwé é ṣe, ló ti ń wá láísẹ́ǹsì náà. Kotonu wà ní òdìkejì rẹ̀: ó mọ ọkọ̀ ọ́ wà, ó ní ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rẹ̀ rí lójú ọ̀nà ti lé e kúrò nídìí ọkọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wà kò fẹ́ wà á mọ́. Ẹni tó fẹ́ wà á kò mọ̀ ọ́n wà.

Ó pẹ́ tí èmi náà ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín yìí kí n tó jẹ́wọ́ fún ara mi pé Salubi ni mí. Ní ọdún 1997, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo fi fọ́tò àti owó rán ẹnì kan, kò sì pẹ́ tí láísẹ́ǹsì mi fi dé. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti jókòó nídìí ọkọ̀ rí. Nítorí náà, bí mo bá ń ṣe àríwísí eré yìí lónìí, kí òǹkàwé mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè wa. Ohun tí a fi ń rin orí omi ni àwọn baba wa ń pè ní ọkọ̀ kí mọ́tò tó dé. Nígbà tí mọ́tò dé, wọ́n fún un ní orúkọ yẹn, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú. À ń gun ẹṣin, à ń gun kẹ̀kẹ́. Èrò ń wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń wa ọkọ̀, bí ẹni tó di àjẹ̀ mú. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi kò lè purọ́ fún omi. Bí apá rẹ̀ kò bá mọ iṣẹ́, ojú kan náà ni ọkọ̀ yóò ti máa pòòyì, gbogbo ẹni tó wà létí odò yóò sì rí i. Ní èrò tèmi, ọ̀rọ̀ yìí bá ọkọ̀ oníjíà mu ju bí àwọn tó kọ́kọ́ lò ó ti lè mọ̀ lọ.

Ìlú mi, Èjìgbò, ni mo ti lọ kọ́ ohun tí ìwé mi ti jẹ́rìí sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló kọ́ mi. Lọ́rí ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ títí ogbó fi dé. Wọ́n mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó àti Ẹdẹ bí ẹni mọ ojú oorun. Volkswagen kékeré tí a máa ń pè ní ìjàpá ni a fi ń kọ́ ọ, ní ọ̀nà Másífà ní àárọ̀ kùtùkùtù. Bàbá kì í pè mí lórúkọ nídìí ọkọ̀. “Tíṣà” ni wọ́n ń pè mí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní, “Tíṣà, kí ni ẹ́ńjìnì ń wí?”

Mo ní, “Ariwo ló ń pa, Bàbá.”

“Ariwo kọ́. Ó ń bẹ̀ ọ́ pé kí o yí jíà ni.”

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe fi etí ya ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀, n kò gbọ́ ohùn tó ń ké lábẹ́ ara mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìwó. Mo dúró kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè sọdá. Nígbà tí mo fẹ́ gbéra, mo ṣí ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì lójijì. Ọkọ̀ fò, ó kú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Obìnrin kan tó ru ẹ̀kọ wà lẹ́yìn wa. Bàbá fa búréèkì ọwọ́ kí èmi tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Obìnrin náà bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, igbá rẹ̀ sì ṣubú, ẹ̀kọ fọ́n sójú títì. A bẹ̀ ẹ́, a san owó ẹ̀kọ. Bàbá kò sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ní:

“Ṣebí o ní láísẹ́ǹsì?”

“Mo ní in, Bàbá. Mo ti fi hàn yín.”

“Mo rí ìwé. N kò tíì rí ẹsẹ̀.”

Báláǹsì ni àwọn awakọ̀ ń pe ohun tí n kò mọ̀ ọ́n ṣe yẹn. Bí a bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, a ti ya agbára ẹ́ńjìnì kúrò lára jíà; bí a bá tú u sílẹ̀, a ti so méjèèjì pọ̀. Àárín títẹ̀ àti títú ni iṣẹ́ wà. Ẹsẹ̀ òsì yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún yóò máa tẹ tọ́rótù, títí ohùn ẹ́ńjìnì yóò fi rẹlẹ̀ tí ara ọkọ̀ yóò sì gbọ̀n pẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ni a ń tú búréèkì sílẹ̀. Títí a ó fi mọ̀ ọ́n ṣe, adìẹ bà lókùn ni: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ohun tí a bá sì fi agbára mú níbẹ̀, kíkú ni yóò kú.

Ẹ kíyè sí i pé ẹsẹ̀ òsì ni a fi iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ yìí lé lọ́wọ́. A mọ ojú tí Yorùbá fi ń wo òsì; ọmọ àlè ní í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi yìí kò kẹ́gàn òsì. Nígbà tí wọ́n kọ́ṣẹ́, apá òsì ojú ọ̀nà ni a ń gbà ní Nàìjíríà, ọwọ́ òsì ni wọ́n sì fi ń yí jíà. Nígbà tí ìjọba yí wa sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, jíà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún nínú àwọn ọkọ̀ tuntun. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni kò kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti ní awuyewuye díẹ̀ pẹ̀lú eré náà. Bọ́lẹ̀kájà tó wà lórí ìtàgé kò ní táyà; ó ti di ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ní jàǹbá. A rí ikú, a rí Ògún, a rí ọlọ́pàá àti ayédèrú ìwé, ṣùgbọ́n a kò rí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Nítorí náà ni òǹwòran ṣe lè rò pé láísẹ́ǹsì ni Salubi ṣe aláìní. Láísẹ́ǹsì kọ́, ẹsẹ̀ ni. Kò sí àní-àní pé òǹkọ̀wé náà mọ ewu ọ̀rọ̀ yìí, nítorí òun ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Síbẹ̀, eré náà fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín níbi tó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá.

Ẹ̀rù yẹn ti pọ̀ sí i lónìí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ tó ń wọlé kò ní kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní í yí jíà. N kò bá wọn jà. Èmi náà ń wa ọ̀kan, orúnkún mi sì ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oníjíà jẹ́ olùdánwò tí kì í gba rìbá. Ẹni tí kò bá kọ́ṣẹ́, ọkọ̀ yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọjà, ojú yóò tì í, yóò sì padà lọ kọ́ ọ. Ọkọ̀ tuntun kì í dójú ti ẹnikẹ́ni. Yóò gbé Salubi pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀, yóò sì gbé e dé ibi tí eré sísá ti pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan. Níwọ̀n ìgbà tí olùdánwò inú ọkọ̀ ti fẹ́ kógbá sílé, ẹrù rẹ̀ bọ́ sí ọrùn àwọn tó ń fún ni ní ìwé, àti ọrùn àwa tí a ń fi owó wá a.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìmọ̀ràn kan fún ẹni tó bá tún fẹ́ gbé eré náà sórí ìtàgé. Kí ó fi Salubi jókòó lórí àga lásán nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó jẹ́ kó máa yí ọwọ́ bí ẹni tó ń wakọ̀, kí ó máa fi ẹnu ṣe ohùn ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ má ṣe mira rárá. Bí awakọ̀ lọ́rí kan bá wà láàárín àwọn òǹwòran, òun yóò mọ̀, kò sì ní í rẹ́rìn-ín.