Yíyan Tírákà fún Kíkọ Ìlù Sílẹ̀: Ọ̀rọ̀ lórí Ojú-Ewé, Òpó àti Fáìlì

Ìfáárà

Ète iṣẹ́ yìí ni láti fi ojú lámèyítọ́ wo àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan tí a fi ń kọ orin, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní tracker, tí àwa yóò sì máa pè ní tírákà. Àwọn kan nínú wọn wà fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, àwọn kan wà fún fóònù, àwọn mìíràn sì wà fún ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè kì bọ àpò. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí lórí ìlù bá fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn, kí ni ó yẹ kí ó fi yàn án?

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ báyìí wáyé ní ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ nípa èdè àti lítíréṣọ̀. Èsì wa ni pé tírákà kì í ṣe ohun èlò orin nìkan; ọ̀nà ìkọ̀wé ni pẹ̀lú. Àwa tí a gbà pé dùndún ń fọhùn, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú irú ìwé tí a ó fi kọ ohun tó bá sọ. Nígbà tí Akin Euba gbé ìwé rẹ̀ lórí ìlù dùndún jáde ní 1990, àmì orin àwọn Òyìnbó, èyí tó ní ìlà márùn-ún, ni ó lò. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì sí ẹni tí yóò ṣe ìwádìí lórí dùndún tí yóò fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́ ìlù ni kò lè ka irú àmì bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àyàn tí a sì ń kọ ìlù wọn sílẹ̀ kò lè kà á kí wọ́n sọ fún wa ibi tí a ti ṣì í kọ. Ibí yìí ni tírákà ti ní àǹfààní: ẹ̀rọ yóò ka ohun tí a kọ sókè, àyàn yóò gbọ́, yóò sì lè sọ pé, ‘Rárá o, n kò lù ú báyìí.’

Bí ojú-ewé tírákà ti rí

Karsten Obarski, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe Ultimate Soundtracker jáde ní 1987 fún kọ̀ǹpútà Commodore Amiga. Láti ara rẹ̀ ni orúkọ tracker ti wá. Ohùn mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà yẹn lè sọ papọ̀, nítorí náà òpó mẹ́rin ni ó wà lórí ojú-ewé ètò náà. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní ìlà 64. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń kà á, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú òpó kọ̀ọ̀kan, a lè kọ ohùn tí a fẹ́, nọ́ńbà ìró tí a ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ yóò fi sọ ọ́, àti àṣẹ kan tó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe sí ohùn náà. Ìró tí a gbà sílẹ̀ lè jẹ́ ohunkóhun. Bí a bá gba ìró ìyá ìlù ẹyọ kan péré sílẹ̀, ẹ̀rọ lè gbé e gòkè, ó sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a ó sì ní gbogbo ohùn tí a fẹ́.

Nínú ọ̀pọ̀ tírákà, ònkà tí wọ́n ń lò kì í ṣe onímẹ́wàá. Lẹ́yìn 9, A ni ó kàn, títí dé F, kí a tó wá kọ 10 tí í ṣe mẹ́rìndínlógún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa sá fún èyí. Àwa tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wa jẹ́ ogún ó dín márùn-ún kò yẹ kí ó ṣe ní kàyéfì.

Kónkóló àti ìlà 64

Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń fi yan tírákà ni iye òpó rẹ̀. FastTracker 2, tí ẹgbẹ́ Triton ti ilẹ̀ Sweden gbé jáde ní 1994, ní òpó 32. Impulse Tracker tí Jeffrey Lim ṣe ní 1995 ní 64. A kò fara mọ́ irú ìdíwọ̀n yìí. Ẹni tí kò ní ìlù ju mẹ́fà lọ, kí ni yóò fi òpó 64 ṣe? Gígùn ojú-ewé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè, kónkóló ni yóò sì jẹ́ ẹ̀rí wa.

Ìró méje ni kónkóló, ó sì wà láàrin ìdá méjìlá: kón, kón, kó-ló, kón, kó-ló. Bí a bá fún ìdá kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan lórí tírákà, ìró náà yóò bọ́ sí ìlà 0, 2, 4, 5, 7, 9 àti A. Bí a kò bá yí ìyára ètò náà padà, ìlà kan máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá 0.12, ìyípo kan yóò sì gba ìṣẹ́jú àáyá 1.44. Títí débí, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ìlà 64 kò ṣeé pín sí méjìlá-méjìlá. Ìyípo márùn-ún yóò gba 60. Ìlà mẹ́rin ni yóò kù. Lórí ìlà mẹ́rin yìí, kónkóló yóò sọ kón, yóò tún sọ kón, ojú-ewé yóò sì tán mọ́ kó-ló lẹ́nu. Ojú-ewé kejì yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti kón àkọ́kọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé onílù náà kọsẹ̀.

Lórí àwọn tírákà Amiga, ọgbọ́n tí a ń dá sí i ni àṣẹ D, èyí tó ń pa ojú-ewé dé kí ó tó tán. Bí a bá kọ ọ́ sí ìlà 47, ìlà 48 ni ẹ̀rọ yóò kà, níwọ̀n bí kíkà ti bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ìyípo mẹ́rin gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìlà mẹ́rìndínlógún tó kù yóò wà níbẹ̀ lófìfo. Ní ti FastTracker 2 àti àwọn tó tẹ̀lé e, irú bíi MilkyTracker àti OpenMPT, a lè yan iye ìlà tó wù wá, kí a sì kọ 48 tàbí 96 láìsí pé a ń gé nǹkan.

Ohun kan wà tó tún fara sin ju èyí lọ. Àwọn ètò wọ̀nyí a máa fi àwọ̀ mìíràn kun ìlà ní mẹ́rin-mẹ́rin, kí ojú lè rí ibi tí ẹsẹ̀ orin wà. Orin ijó ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ní lọ́kàn, kò sì sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ kọ kónkóló sílẹ̀ lọ́nà yìí, ìró tó yẹ kó wà ní ìlà 9 ni mo tì sí 8, nítorí pé ìlà 8 ni ó ní àwọ̀. Etí mi gbọ́ ohun tó tọ́, ojú mi ni ó tàn mí. Nínú OpenMPT, a lè sọ pé kí àwọ̀ náà máa wá ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí ní méjìlá-méjìlá. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí yóò fi kọ ìlù wa ṣe èyí kí ó tó kọ ìró kan ṣoṣo.

Òpó tó jọ ń rìn àti òpó tó ń dá rìn

A ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìlù kan ni. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, àwọn omele àti gúdúgúdú a máa tún ìlù kan náà lù lálùtúnlù, nígbà tí ìyá ìlù ń sọ gbólóhùn tirẹ̀, èyí tó lè gùn, tó sì lè kúrú, bí ọ̀rọ̀ bá ti rí. Nínú tírákà àtijọ́, gbogbo òpó ni ó jọ ń ṣí ojú-ewé papọ̀. Bí ìyá ìlù bá fẹ́ sọ gbólóhùn onílà 31 lórí omele onílà 12, àfi kí a tún omele kọ léraléra, kí a sì gé gbólóhùn ìyá ìlù níbi tí kò yẹ.

Ní apá yìí, àwọn ẹ̀rọ alágbèéká ti ṣe dáradára ju kọ̀ǹpútà ńlá lọ, a sì rò pé kì í ṣe òótọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ pé àfarawé lásán ni wọ́n. Little Sound DJ, tí Johan Kotlinski ti ilẹ̀ Sweden ṣe fún Game Boy bí ọ̀rúndún yìí ti ń bẹ̀rẹ̀, ní òpó mẹ́rin péré. Ṣùgbọ́n òpó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, kò sí èyí tó ń dúró de ìkejì. Ẹsẹ̀ kúkúrú onílà 16 ni a ń tò léra, a sì lè fi àṣẹ H gé wọn sí 12. Ohùn Game Boy ni kò jọ ti ìlù wa rárá. M8 ti Dirtywave, ẹ̀rọ àfọwọ́mú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó tẹ̀lé ìlànà yìí, ní òpó mẹ́jọ, ó sì lè lo ìró tí a gbà sílẹ̀. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó akẹ́kọ̀ọ́. SunVox, tí Alexander Zolotov ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà gbé jáde ní 2008, ni ó sún mọ́ wa jù. Nínú rẹ̀, ojú-ewé lè gùn bó ṣe wù wá, a sì lè tẹ́ wọn bí ẹní, ọ̀kan lábẹ́ òmíràn, kí ti omele máa yí ní méjìlá-méjìlá, kí ti ìyá ìlù máa lọ ní tirẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù. Ọ̀fẹ́ ni ti kọ̀ǹpútà. Ti Android àti ti iPhone ni a ń san owó díẹ̀ lé lórí.

Ohùn tó ń yọ́

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ méjì, ‘ìlù’ àti ‘ìlú’. Nínú èkejì, ohùn òkè kì í bẹ̀rẹ̀ lókè. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń yọ́ gòkè, dùndún sì lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nípa fífún ọṣán. Ẹni tó bá kọ ìró ìsàlẹ̀ kan àti ìró òkè kan sílẹ̀ ti kọ ohùn méjì, kò tíì kọ ‘ìlú’. Tírákà ní àṣẹ 3 fún irú èyí. A ó lu ohùn ìsàlẹ̀ ní ìlà 0, a ó tún lù ú ní ìlà 2. Ní ìlà 3, a ó kọ ohùn òkè pẹ̀lú àṣẹ 3. Ẹ̀rọ kò ní lu ìlù náà mọ́. Yóò kàn fa ohùn tó wà nílẹ̀ lọ sókè. A kò mọ àmì orin kankan tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ní ṣókí tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ wà láàrin fáìlì sí fáìlì lórí èyí. Nínú fáìlì MOD ti Amiga, nọ́ńbà kan náà kì í fa ohùn ní ìwọ̀n kan náà lókè àti nísàlẹ̀. Bí a bá gbé gbólóhùn kan láti ìyá ìlù sí kànnàǹgó, ìyọ́ náà lè tètè débi tó ń lọ, ó sì lè pẹ́ kí ó tó dé. Nínú XM ti FastTracker 2, a lè yan ọ̀nà ìfàgùn tó dọ́gba lókè nísàlẹ̀. Nítorí náà, MOD kò tó fún iṣẹ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni baba gbogbo wọn.

Ohun tí yóò kù

Ìṣòro tó le jù ni ti ìpamọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo kọ ìlù oṣù mẹ́ta sórí fóònù pẹ̀lú ètò kan tí n kò ní dárúkọ. Fóònù náà bàjẹ́, ẹni tó ṣe ètò náà ti kó o kúrò lórí àtẹ, fáìlì tí mo sì ti dà sórí kọ̀ǹpútà kò ṣí lórí ohunkóhun mìíràn. Ọ̀kan nínú àwọn àyàn tó lu ìlù wọ̀nyẹn ti di olóògbé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bèèrè lọ́wọ́ tírákà kọ̀ọ̀kan pé: ta ni ó tún lè ka ohun tí o kọ? Fáìlì MOD, XM àti IT gbé ìró àti ìlà papọ̀ sínú ara wọn. Èyí tí a kọ sórí Amiga ní 1990 ṣì ń ṣí lórí OpenMPT lónìí, ẹni tó bá sì ṣí i lè rí bí a ti ṣe é láti ìlà dé ìlà. Iṣẹ́ tí a ṣe lórí Game Boy ń gbé inú káàtírììjì tí bátìrì kékeré ń tọ́jú. Bí bátìrì bá kú, tí a kò sì dà á sí ibòmíràn, ó parí nìyẹn. SunVox lè ṣí MOD àti XM, ṣùgbọ́n kì í kọ ohun tirẹ̀ padà sí wọn. Ètò tó fún ìyá ìlù láyè jù ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, èyí tó sì ṣílẹ̀kùn ni ó so gbogbo ìlù pọ̀ mọ́ okùn kan.

Nítorí náà, méjì ni a yàn. Lọ́dọ̀ àwọn àyàn, SunVox lórí fóònù ni a ń lò, nítorí pé iná ọba kò dá a dúró, àti pé a lè dá gbólóhùn ìyá ìlù sí bó ti rí, kí a sì tún un lù fún àyàn lójú ẹsẹ̀. Bí a bá délé, a ó tún un kọ ní XM pẹ̀lú MilkyTracker, lórí ojú-ewé onílà 48, a ó sì fi ohùn rẹ̀ ní WAV tì í. Iṣẹ́ àṣetúnṣe ni, ó sì ń gba àkókò. Gbólóhùn ìyá ìlù tó bẹ̀rẹ̀ láàrin ojú-ewé ni a ń gé sí méjì nígbà mìíràn. Ibi tí a bá gé e sí, a ń kọ ọ́ sí ààyè orúkọ ìró, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo Amiga ti máa ń kọ ìkíni sí ara wọn.