Ará Harlem Ya Ọjà Wa

Láti Onírèké ní Ìbàdàn, béèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ gba Dùgbẹ̀, kò ní pẹ́ dé Adamásìngbà, níbi tí Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, fi ṣe ibùjókòó ní 1961. Ṣóyínká, Okigbo àti J.P. Clark wà nínú wọn. Ní 1962 wọ́n pàtẹ iṣẹ́ Jacob Lawrence, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ́ṣẹ́ ní Harlem. Ilẹ̀ yìí wọ̀ ọ́ lójú. Ní 1964 ó padà wá pẹ̀lú Gwendolyn Knight, ìyàwó rẹ̀ tóun náà jẹ́ ayàwòrán. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n lò.

Ìgbà náà ló ya àwòrán ọjà tó pè ní Street to Mbari, ìyẹn ọ̀nà Mbari, tó wà ní National Gallery of Art ní Washington báyìí. (Àwọn ará Òṣogbo, tí wọ́n ní Mbari Mbáyọ̀ tiwọn, lè ní ọ̀nà tiwọn ló yà. Èmi ò ní gbà.)

Ẹ sún mọ́ ọn. Pẹ́ńsù ló kọ́kọ́ fi fa ìlà sórí bébà, kó tó fi ọ̀dà tempera lé e. Ọ̀dà yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni: kíá ló ń gbẹ, kò sáyè à ń po àwọ̀ pọ̀ lójú iṣẹ́. Lawrence wá fi ìyẹn dárà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ mú bí abẹ. Páànù orí ìsọ̀ di ìlà wínníwínní, aṣọ títà di ìlà aláràbarà, èrò pọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń pọ̀ lọ́jọ́ ọjà. Síbẹ̀ ẹnì kan kò sọnù mọ́ ẹnì kejì lára. Ẹni tó bá ń wá ojú tó ń rẹ́rìn-ín tàbí tó fà ro lè má rí i. Ìdúró ara ni Lawrence gbájú mọ́, bí ẹni tó ru ẹrù ṣe ń rìn.

Ohun tó wù mí jù ni ohun tí kò yà. Kò sí ọba, kò sí egúngún, kò sí kìnnìún, àwọn nǹkan tí ọ̀pọ̀ tó ń wá orísun wọn bọ̀ wálé máa ń sáré mú. Ní 1940 sí 1941, ó ti ya àwòrán 60 nípa àwọn adúláwọ̀ tó ń kó kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá. Àwọ̀ kan ló máa ń mú, yóò fi kan gbogbo wọn, kó tó mú òmíràn. Ẹ wo èkíní nínú 60 náà, èrò tó há gádígádí níbi tí wọ́n ti fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin, kẹ́ ẹ tún wo ọjà wa: ọwọ́ kan náà ni, kò sì fi àpọ́nlé kankan kún tiwa.