Fẹ́mi Odùgbèmí àti iṣẹ́ tí kì í tètè mówó wá

Dọkumẹ́ńtárì, fíìmù tó ń sọ ìgbésí ayé gidi, kì í tètè mówó wọlé lórílẹ̀-èdè wa. Eré ìfẹ́ àti ẹ̀rín ni ọjà ń béèrè. Síbẹ̀, Fẹ́mi Odùgbèmí, olùdarí fíìmù, ò fi dọkumẹ́ńtárì sílẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa fíìmù ní Montana State University, Amẹ́ríkà. Ó ṣe ìpolówó ọjà, ó sì wà lára àwọn tó gbé eré Tinsel kalẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Lójú tèmi o, ibòmíràn ni iyì rẹ̀ wà.

Ẹ wo Bariga Boy, tó ṣe ní 2009. Ṣẹ́gun Adéfilà, oníjó àti òṣèré orí ìtàgé, ló tẹ̀ lé káàkiri Bàrígà, àdúgbò kan l'Ékòó tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn mọ̀ sí ilé ọmọọ̀ta. Ní 2016, Makoko: Futures Afloat jáde, láti Makoko, àdúgbò tí ilé ti dúró lórí òpó igi nínú ọ̀sà. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ló dá àjọ̀dún iREP sílẹ̀ l'Ékòó, kí irú fíìmù báwọ̀nyí lè róǹwòran.

Ìlú Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń dín dòdò lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, náà ń retí ẹni tó máa fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò ó. Ta ló ti jókòó ti ìyá onídòdò, látìgbà tó ti ń fi ata àti iyọ̀ po ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ààlà, títí tí epo pupa fi sọ ọ́ di dúdú nínú agbada? Arìnrìn-àjò Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń rà á láti ojú fèrèsé ọkọ̀, wọn ò béèrè ẹni tó dín in. Ọmọ ìlú tó bá ní fóònù tó dáa lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kó ṣáà tètè dé kí àwọn onídòdò tó dáná.