Ọwọ́ Ta Ni Orí Olókun?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà kan tí gbogbo wa mọ ojú rẹ̀ ni mo gbé wá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Orí Olókun ni: orí idẹ tó dé adé, tí ìlà wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀.

Níbí ní Jobẹlẹ, bí ẹ bá gbé agbọ̀n tó dáa dání, àwọn ìyá ọlọ́jà á bi yín pé, "Ọwọ́ ta nìyí?" Ìyìn ni. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n máa bẹ̀ níṣẹ́ ni. Ní ti Orí Olókun, ìbéèrè yìí kan náà ni wọ́n fi fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́.

Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí yìí, ó sanwó, ó fẹ́ máa gbé e lọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kó dá a padà. Ó ní èèyàn dúdú kọ́ ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ilẹ̀ tí àwọn Gíríìkì nínú ìtàn wọn sọ pé òkun gbé mì. Ó sọ Olókun wa di Poseidon wọn. Ẹ̀rí wo ló ní? Ẹwà náà ni! Ó ti dára jù, nítorí náà kì í ṣe tiwọn. Ẹ ò rí nǹkan? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ ní Ifẹ̀, orí idẹ mìíràn hú jáde, ọ̀pọ̀ tó jọ ọmọ ìyá kan náà. Ibo ni Atlantis wá wà?

Ẹjọ́ kejì dé ní 1949. Leon Underwood, tó mọ bí wọ́n ṣe ń da idẹ, àti William Fagg ti British Museum kọ ọ́ pé ẹ̀dà ni èyí tó wà ní Ifẹ̀. Wọ́n ní inú yanrìn ni wọ́n ti dà á, pé kì í ṣe ìda oyin ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ọ́n bíi ti àwọn asúdẹ àtijọ́. Bí ojúlówó bá sì ti lọ, a jẹ́ pé olè wà nìyẹn. Ṣé Frobenius ni, àbí ará ilé? Wọlé Ṣóyínká sọ nínú You Must Set Forth at Dawn (2006) bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ṣe gbé orí kan nílé kan ní Bahia, ní Brazil, wọ́n rò pé ojúlówó ti dọ́wọ́. Ẹ̀dà títà ti British Museum ni!

Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ ní British Museum ní 2010, Paul Craddock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ idẹ náà wò dáadáa. Ní 2013 wọ́n gbé àbọ̀ jáde pé ojúlówó ni. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ń bẹ nínú ṣòkòtò.

Lójú tèmi, àṣìṣe méjèèjì kò dọ́gba. Underwood àti Fagg wo iṣẹ́, wọ́n sì tọ́ka sí àmì tí wọ́n rí. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi lè tún un wò kó sì já wọn ní koro. Frobenius ní tiẹ̀, olówó iṣẹ́ ló ń wò. Lámèyítọ́ kọ́ nìyẹn, ìfojú-kéré-ẹni ni.

Àwa náà ńkọ́? Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, bí ẹnì kan bá ka ewì tó dùn, kì í pẹ́ tí ẹlòmíì á fi ní, "Ibo lo ti jí i?" Bó o bá ní ẹ̀rí, mú ìwé tó ti wá jáde, ká jọ kà á. Bí o ò bá ní, jọ̀ọ́, má fi dídùn ewì pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Bi í bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń béèrè: ọwọ́ ta nìyí? Kó o sì dúró gbọ́ èsì.