Ọba tó jẹ fún ọdún 28,800: níbo ni irọ́ náà wà gan-an?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní àwọn ọba Sumer àtijọ́ pẹ́ láyé ju igi ìrókò lọ, pé bóyá wọn ò tilẹ̀ kì í ṣe ènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi wá bi mí pé: "Prof, ṣé ìtàn lèyí àbí àlọ́?"

Ìbéèrè gidi ni. Àkọsílẹ̀ tí fídíò náà ń tọ́ka sí ni àkójọ orúkọ àwọn ọba Sumer, ilẹ̀ tó wà ní gúúsù Ìráàkì òde òní. Ẹ̀dà rẹ̀ tó lókìkí jù wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ashmolean ní Oxford: amọ̀ olójú mẹ́rin, tó ga tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1800 ṣáájú ìbí Kristi. Ó sọ pé láti ọ̀run ni oyè ọba ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìlú Eridu. Alulim jẹ fún ọdún 28,800, Alalgar jẹ fún 36,000. Ọba 8, ìlú 5, ọdún 241,200, kí ìkún-omi tó dé.

Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín. Àwa ń fi ogún ka nǹkan; ọgọ́ta ni tiwọn. 60 lọ́nà 60 jẹ́ 3,600, ó sì ní orúkọ tirẹ̀ lédè wọn. Ẹ fi 3,600 pín 28,800, ẹ ó rí 8. Ẹ fi pín 36,000, 10 ni. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, 67 géérégé. Ọdún tí èèyàn gidi lò kì í gún régé báyẹn. Ohun tí akọ̀wé ń sọ ni pé ìgbà náà jìnnà, ó sì ju ìgbà tiwa lọ.

Orúkọ náà tún ń sọ̀rọ̀. Lára àwọn ọba Kish lẹ́yìn ìkún-omi, Kalibum ni ajá, Kalumum ni ọ̀dọ́ àgùntàn, Zuqaqip ni àkeekèé, lédè Akkad. Arwium wá jẹ́ ọmọ Mashda: egbin ni orúkọ bàbá lédè Sumer, egbin náà ni tọmọ lédè Akkad! Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ṣùgbọ́n iye ọdún kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni: "lẹ́yìn náà". Nínú àkọsílẹ̀ yìí, ìlú kan ṣoṣo ló ń jọba lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ṣẹ́gun rẹ̀, oyè á kọjá sí ìlú mìíràn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún oyè náà, nam-lugal: lú ni ènìyàn, gal ni ńlá, nam- sì ń ṣe iṣẹ́ tó jọ ti "ì-" nínú "ìjọba" tiwa. Bí ẹrù ni wọ́n ṣe ń gbé e kiri, ẹrù kan ò sì lè wà lórí èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Irọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Tí a bá tẹ̀ lé e, ohun tó lé ní 2,000 ọdún ló wà láàrin Aga ọba Kish àti Gilgamesh ọba Uruk. Bẹ́ẹ̀, ewì Sumer kan wà tí Aga ti kógun ti Uruk nígbà tí Gilgamesh wà lórí oyè. Lagash ńkọ́? Àwọn ọba rẹ̀ kọ ogun wọn àti odò tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, a ń kà á títí dòní. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn lórí amọ̀ yẹn. Nígbà tó yá, akọ̀wé kan kọ àkójọ tiwọn, pẹ̀lú ìkún-omi àti ọdún rẹpẹtẹ, bí ẹni ń fi ti àkọ́kọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Thorkild Jacobsen, tó tẹ àkójọ náà jáde ní 1939, ti wo bí wọ́n ṣe ń to gbólóhùn, ó sì ní apá tó ṣáájú ìkún-omi kì í ṣe ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 2003, Piotr Steinkeller gbé ẹ̀dà àtijọ́ kan jáde, láti ìgbà ọba Shulgi. Kò sí ìkún-omi níbẹ̀. Kish ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i pé gírámà tún jàre!

Ṣé ká wá dà á nù ni? Rárá o. Enmebaragesi, tí wọ́n ní ó jẹ fún ọdún 900, orúkọ rẹ̀ wà lára àfọ́kù àwo òkúta tí wọ́n hú nílẹ̀. Èèyàn gidi ni. Kubaba, obìnrin ọlọ́tí tó jọba Kish, òun nìkan sì ni obìnrin tó wà nínú àkójọ náà.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé: ìtàn ni. A kì í pa á bí àlọ́. Wọ́n kọ ọ́ kí àwọn èèyàn lè gbà pé ẹ̀tọ́ ni kí ẹnì kan ṣoṣo máa jọba lé gbogbo ilẹ̀. Àwọn baba wa ní ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá. Òótọ́ ni. Àmọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá to orúkọ ọba síwájú yín, níbikíbi tó wù kó jẹ́, ẹ má bèèrè ọdún tí wọ́n lò nìkan. Ẹ bèèrè Lagash.