Ta Ni ‘Èmi’ Inú Orin IU?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ ṣáá lẹ́nu àwọn kan nínú wa, ó sì ti sú mi. Wọ́n ní àwọn olórin Kòríà tó ń dá kọrin, tí wọ́n ń kọ orin nípa ìgbésí ayé ara wọn, òyìnbó ni wọ́n ń fara wé. Òyìnbó ló ni gìtá, òyìnbó ló ni ráàpù, kódà kí olórin máa sọ pé ‘èmi báyìí, èmi báyìí’, wọ́n ní àṣà òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá o, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń sọ sí ewì wa tó bá ti fi ‘èmi’ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá fi ẹnì kan wò ó: Lee Ji-eun, tí gbogbo ayé mọ̀ sí IU.

Mi ò ní purọ́, gbèsè wà nílẹ̀. Lẹ́yìn tí ogun Kòríà dáwọ́ dúró ní 1953, inú bárékè àwọn sọ́jà Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ olórin ibẹ̀ ti ń jẹun. Shin Joong-hyun tí wọ́n ń pè ní bàbá orin rọ́ọ̀kì Kòríà, ibẹ̀ ló ti ń ta gìtá kí okìkí rẹ̀ tó kàn. Han Dae-soo gbé ní New York kó tó padà sílé ní 1968 pẹ̀lú orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Kim Min-ki náà gbé gìtá, ó kọ ‘Ìrì Òwúrọ̀’, tó jáde ní 1971, Yang Hee-eun sì kọ ọ́ lórin. Ní 1975 ìjọba fòfin dè é. Ṣé gìtá ni ìjọba ń bẹ̀rù? Rárá o. Ohun tí àwọn ọmọ Kòríà ń gbọ́ nínú orin náà ni. IU mọ àwọn àgbà yìí dáadáa: ní 2017 ó tún orin Yang Hee-eun kan, ‘Òwúrọ̀ Ìgbà Ìwọ́wé’, kọ.

Ẹ̀gbẹ́ kan tún wà tí mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ìyẹn orin àrà. Àwọn ilé iṣẹ́ olórin ńlá ti ń ra ohùn orin láti Yúróòpù tipẹ́. ‘Dreams Come True’ tí ẹgbẹ́ S.E.S. kọ ní 1998, orin àwọn ará Finland ni. Ìyẹn ọjà ni, kì í ṣe ‘èmi’ ẹnikẹ́ni.

IU fúnra rẹ̀, ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, àwọn àgbà ló sì ń kọ orin fún un. ‘Good Day’ tó sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká ní 2010, ẹlòmíràn ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n wá ń pè é ní àbúrò gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ ronú sí oyè yẹn dáadáa: àbúrò kì í sọ̀rọ̀ láàárín àwọn àgbà. Ní 2015 ló gbé Chat-Shire jáde, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pátá ló kọ fúnra rẹ̀.

Orin kan níbẹ̀ ń jẹ́ ‘Twenty-Three’. Ní 2017 ó kọ ‘Palette’, níbi tó ti ní òun ti di ọmọ ọdún 25. Ní 2020, òun àti Suga ti BTS ṣe ‘Eight’, tí í ṣe ti ọdún 28. Ẹni tó bá mọ Adele á ní, ẹ ò rí i? Adele ti fi ọjọ́ orí sọ àwo rẹ̀: 19 ní 2008, 21 ní 2011. Ó dáa, ẹ mú bírò. Oṣù Karùn-ún 1993 ni wọ́n bí IU. Nígbà tí ‘Palette’ jáde ní oṣù Kẹrin 2017, lójú òyìnbó, ọmọ ọdún 23 ni! Lójú Kòríà, ọmọ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ti jẹ́ ọmọ ọdún kan, tí ọdún tuntun bá sì ti wọlé, gbogbo ènìyàn á fi ọ̀kan kún tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. (Òfin 2023 ti pa ìkà yẹn tì nínú ìwé ìjọba.) Ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ Adele ni a ti kọ́kọ́ rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ọdún nínú orin yìí, bí wọ́n ṣe ń kà á nílé rẹ̀ ló ń kà á.

‘Palette’ yìí kan náà ni mo fẹ́ràn jù. Ìlù rẹ̀ rọra ń lọ bíi ti òyìnbó, IU ò sì fi í pamọ́: ó dárúkọ Corinne, olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nì, pé òun ṣì fẹ́ràn orin rẹ̀. Ẹnu ibẹ̀ ni G-Dragon ti wọlé pẹ̀lú ráàpù. Ó ju IU lọ ní ọdún márùn-ún. Ó pe orúkọ rẹ̀ gan-an, Ji-eun, bí ẹni ń pe àbúrò, ó sì pe ara rẹ̀ ní ‘oppa’. Àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì máa ń là á já tipátipá. Àwa ò ní wàhálà kankan: ẹ̀gbọ́n ni, èdè wọn náà mọ ìyàtọ̀ ‘o’ àti ‘ẹ’. Ráàpù tí wọ́n ní ó kún fún ìfọ́nnu ti di ọ̀rọ̀ ìtùnú látẹnu ẹ̀gbọ́n. Ta ni wọ́n fara wé níbẹ̀?

‘Èmi’ yìí sì ti ná an lówó. Nínú Chat-Shire, ó fi Zezé, ọmọ ọdún márùn-ún inú ìwé José Mauro de Vasconcelos ará Brazil, ṣe orin. Ilé iṣẹ́ tó tẹ ìtumọ̀ ìwé náà ní Kòríà bínú pé ó fi ojú àgbàlagbà wo ọmọdé tí wọ́n ń lù nílùkulù, ariwo ta, IU sì tọrọ àforíjì ní oṣù Kọkànlá 2015. Mo rò pé wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n mo tún rò pé ìbínú náà ì bá má tó bẹ́ẹ̀ ká ní ẹni tí wọ́n ń pè ní àbúrò kọ́ ló ka ìwé bó ṣe wù ú. Kò sì tìtorí ìyẹn padà sí orin àkọfúnni. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ‘Palette’ dé.

Ẹ tiẹ̀ wo ilé wa náà: ìyàwó tó ń sun ẹkún ìyàwó, ọ̀rọ̀ ta ló ń sọ bí kì í ṣe tirẹ̀? Ta ló lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ òyìnbó?

Níbi tí mo ti gbà fún àwọn alátakò ni ‘Celebrity’, 2021. Àwọn ará Denmark wà lára àwọn tó ṣe orin náà, ó dùn, mo ń jó o. Àmọ́ ẹ fún olórin mìíràn, á wọ̀ ọ́ láìsí àtúnrán. Ẹ gbé ‘Palette’ fún ẹlòmíràn, ẹ ó ní láti yọ ọjọ́ orí, ẹ ó yọ orúkọ, ẹ ó yọ ẹ̀gbọ́n, ohun tó máa ṣẹ́ kù kò ju ìlù lọ.